Orin Tí Mo Ní Mo Ti Gbàgbé

Màmá mi kò mọ̀wé, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìjọ Yorùbá kékeré tí à ń lọ ní Kùmásì, ní ilẹ̀ Gánà, orin tirẹ̀ la fi ń gbé ọrẹ lọ síwájú pẹpẹ, òun la fi ń wọlé ìkórè, òun náà la sì fi ń sin òkú. Bí àlejò bá béèrè ẹni tó ni orin, àwọn àgbà á ní, "Ti Ìyá Onírọ̀rí ni." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ìrọ̀rí ló ń rán tà. Ní Alabar tí à ń gbé, wọ́n máa ń kó òwú àràbà wá fún un láti ìgbèríko nínú àpò ńláńlá. Á ṣa èso inú rẹ̀ kúrò, á fi ọ̀pá nà án títí yóò fi wú, á kì í sínú aṣọ, á sì rán ẹnu rẹ̀ pa. Òwú náà fẹ́lẹ́ débi pé bí ènìyàn bá sín lẹ́ẹ̀kan, gbogbo yàrá á funfun. Inú irun wa ló ń wọ̀, inú ọbẹ̀ wa, àti inú àyà màmá mi, èyí tí kò sẹ́ni tó kà sí nígbà náà. Bàbá mi ti lọ wá iṣẹ́ sí Nàìjíríà kí àbúrò mi tó rákò, kò sì padà. Mi ò ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀. Òun náà kò kúkú ní ohun púpọ̀ láti bá wa sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, èmi ni mo máa ń ka Bíbélì Yorùbá sí i létí. Gẹ̀ẹ́sì àti Twi ni wọ́n fi ń kọ́ wa níléèwé, nítorí náà Yorùbá inú Bíbélì le lẹ́nu mi bí èkùrọ́. Bí mo bá fo ìlà kan, màmá mi á ní, "Padà sẹ́yìn. O ti tẹ ẹnì kan mọ́lẹ̀." Bó ṣe ń gbọ́ Ìwé Mímọ́ nìyẹn: ènìyàn inú rẹ̀ ló máa ń wá. Nígbà tí mo ka ìtàn Hágárì nínú aginjù, ohun tó béèrè ni bóyá ẹnikẹ́ni fún un ní aṣọ tí yóò fi bo ọmọ náà lórí lọ́wọ́ oòrùn. Mo ní a kò kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní, "Á jẹ́ pé àwa la ó kọ ọ́." Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, bó ti ń na òwú lọ́wọ́, orin Hágárì jáde, ọ̀pá ló ń bá a gbè é.

Ó wá ní òfin kan, òfin náà le. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ orin tuntun sílẹ̀. Á kọ ọ́ sí mi létí ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ Ajé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́yìn náà kò tún ní í kọ ọ́ mọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Èmi náà kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sókè. Bó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tó bá ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ tí a ó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á bi mí pé, "Kí ni mo kọ lọ́jọ́ Ajé?" Bí mo bá rí i kọ, orin dúró. Bí mo bá ti gbàgbé rẹ̀, ó di àgbàgbé nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀. Òun a ní, "Orin tí ọmọdé lè gbàgbé, tèmi ni. Èyí tí kò lè gbàgbé ni ti Ọlọ́run."

Ọ̀gá akọrin wa kì í fẹ́ gbọ́ òfin yìí sétí rárá. Aago ló ń tún ṣe ní Santasi, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú rẹ̀ ọ̀tún máa ń tóbi ju tòsì lọ nítorí gíláàsì tó fi ń wo inú aago. Òun náà máa ń ṣe orin láti inú Ìwé Mímọ́, ṣùgbọ́n lórí ìwé ni tirẹ̀, pẹ̀lú dò-rè-mí, ó sì lè fi oṣù mẹ́ta tún ìlà kan ṣe. Lẹ́yìn àyẹ̀wò ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti màmá mi á wọ trotro, ọkọ̀ akérò kékeré, láti Kejetia lọ bá a, èmi á kọrin, òun á kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn aago tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. "Asẹ́ Ìyá Onírọ̀rí dé," ló máa ń fi kí mi. "Asẹ́, o ò tíì jo?"

Mo jo lẹ́ẹ̀kan. Orin Jónà ni, mo sì gbàgbé rẹ̀ ní tòótọ́, nítorí pé ibà ń ṣe mí lọ́sẹ̀ náà. Ọ̀gá akọrin bẹ màmá mi títí, ó ní kó ṣáà kọ díẹ̀ fún òun níbẹ̀. Màmá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹja ti gbé e mì, bàbá. Ẹ jẹ́ ká máa retí ọjọ́ kẹta." Kò sì kọ ọ́ mọ́ láé.

Àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tó kú. Inú òkìtì òwú ló máa ń sùn lọ́sàn-án, màmá mi á kàn máa na òwú yí i ká. Kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí màmá mi bá ń kọrin, òun ló máa ń gba ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́nu rẹ̀, á fi igbe dá a padà. Màmá mi á kọ ọ́ dé "Olúwa," òun náà á ní "Olúwa!" Bó ṣe di pé màmá mi ń dúró fún un ní òpin ìlà nìyẹn, ààyè kékeré kan, kó lè rí tirẹ̀ sọ. Títí di òní, ààyè yẹn wà nínú orin rẹ̀ gbogbo, àwọn tó ń kọ ọ́ kò sì mọ ohun tó wà fún.

Ọdún tó tẹ̀lé ọdún ebi ńlá ní Gánà ló kú, nígbà ọyẹ́. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Lẹ́yìn ìsìnkú, màmá mi dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kò dìde. Kò wẹ̀ àfi bí wọ́n bá fà á dìde. Àwọn ará ìjọ wá, wọ́n ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ, mo sì kórìíra gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé nílé tiwa, ìyá ló sin ọmọ, àbúrò mi ló ti lọ. Ìyàwó alfa kan tó jẹ́ ará Ìlọrin bá wa gbé inú ọgbà kan náà. Obìnrin náà kò sọ òwe kankan. Àràárọ̀ ló ń gbé oúnjẹ wá nínú àwo tó fi ìdérí bò, á ní, "Sannu, Ìyá Onírọ̀rí. Allah ló fún ni, Allah ló gbà. Ẹ tọ́ ọ wò." Nírọ̀lẹ́ á wá gbé àwo náà lọ bó ṣe gbé e wá.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ní ọjọ́ Ìsinmi, màmá mi pè mí láti orí ẹní. Ó ní kí n mú Bíbélì, kí n wá ibi tí ọmọ Dáfídì ti kú. Mo wá a rí, mo sì kà á. Ọmọ ń ṣàìsàn, ọba gbààwẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, wọ́n ní kó dìde, ó kọ̀. Nígbà tí ọmọ wá kú, tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù láti sọ fún un, òun ló dìde, ló wẹ̀, ló pààrọ̀ aṣọ, ló lọ sí ilé Olúwa, tó sì padà délé tó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ẹnu ya àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Ẹnu ya èmi náà, inú sì bí mi sí i. Mo ti Bíbélì náà pa.

Màmá mi yí ojú sí mi lórí ẹní. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ta ló bu omi fún un?"

"A kò kọ ọ́ síbẹ̀, Màámi."

Lọ́jọ́ Ajé, ìró ọ̀pá ló jí mi. Ó ti dìde. Ó ti wẹ̀, ó ti jókòó ti òkìtì òwú, ó ń nà án, ó ń kọrin. Ó ní kí n wá gbọ́.

Mo ti wẹ ojú mi, Olúwa,
Mo ti dìde nílẹ̀;
Oúnjẹ tí O gbé síwájú mi,
Èmi yóò jẹ ẹ́ tán.
Ọ̀nà tí ọmọ mi gbà lọ,
Èmi náà yóò gbà á;
Kò sí ẹkún tí yóò dá a padà,
Èmi ni n ó lọ bá a.

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, ó dúró, ó fi ààyè sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

N ò ní purọ́ níbi tí mo ti ń jẹ́wọ́ irọ́: orin náà dára. Nínú gbogbo èyí tó ṣe, kò sí èyí tó tó o. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo sì rò pé bí orin yìí bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní Ìyá Onírọ̀rí ti dìde, gbogbo wọn á lọ jẹun, àbúrò mi á sì wá kú tán. Òkìtì òwú yẹn ni ibùsùn rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni màmá mi jókòó sí tó ń kọrin pé òun yóò jẹun.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, orin kò fi mí sílẹ̀. Mo gbọ́ ọ níléèwé, mo gbọ́ ọ ní ìdí ẹ̀rọ omi. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, màmá mi ti kó ẹyín iná sínú áyọ́ọ̀nù, ó tẹ́ aṣọ funfun mi sórí tábìlì, ó ń lọ̀ ọ́. Ó ti ró ìró aṣọ tó mọ́. Mo rí i pé ó ń retí.

"Ó dáa, asẹ́," ó ní. "Kí ni mo kọ lọ́jọ́ Ajé?"

Ẹnu mi kọ̀ láti fi Yorùbá pa irọ́ náà. Twi ni mo fi pa á.

"Me werɛ afi."

Màmá mi gbọ́ Twi dáadáa. Ó mọ̀ pé mo ní mo ti gbàgbé. Áyọ́ọ̀nù dúró lójú kan.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Màámi."

Òórùn aṣọ tó ń jó ló mú kó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò. Ó ti fi àmì sí ẹ̀yìn aṣọ náà, ó pupa rúsúrúsú. Ó wò ó, ó ká a, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ó dára," ó ní. "Tèmi ni nígbà náà." Kò sọ ọ̀rọ̀ ẹja. Mo wọ aṣọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ kejì, mo sì fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Mo rò pé ara á tù mí. Ara kò tù mí. Òótọ́ ni pé màmá mi kò padà sórí ẹní, nítorí pé ó ní ọmọ kan tó kù láti bọ́, ṣùgbọ́n aṣọ dúdú ló ń wọ̀, ó sì di ẹni tó ń jẹ òkèlè méjì tó ń ti àwo sẹ́yìn. Ìyàwó alfa gbé oúnjẹ wá títí ó fi sú u. Ìkórè ọdún náà dé, kò sí orin tuntun. Ọ̀gá akọrin wọ ọkọ̀ wá láti Santasi, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Asẹ́, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé kò kọ nǹkan kan mọ́ ni?" Mo ní n kò mọ̀. Màmá mi ń na òwú, ó ń kì í, ó ń rán an, ṣùgbọ́n ìró ọ̀pá nìkan ni. Kò ṣe orin kankan mọ́.

Àìmọye ìgbà ni mo la ẹnu tán láti jẹ́wọ́. N ó wá sọ fún ara mi pé òfin ni òfin, ohun tí a kò bá rántí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ti bọ́. Mo fi òfin màmá mi bo irọ́ mi mọ́lẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò rí ogún lò. Mẹ́tàlá ni.

Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mo ti di olùkọ́, mo gba yàrá kan ní Ayigya láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń lọ sí Alabar. Ikọ́ ti mú màmá mi. Òwú ọdún púpọ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe sọ. Ó ní kó má na òwú mọ́, ìgbà yẹn kò sì sí èémí tí yóò fi nà á mọ́. Nínú ìjọ, àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọrin Twi. Inú kò bí mi sí wọn, Kùmásì la bí wọn sí. Àwọn àgbà tó mọ orin Ìyá Onírọ̀rí ló ń dín kù, àwọn kan padà sí Nàìjíríà, àwọn kan wà ní ìtẹ́ òkú.

Ọ̀gá akọrin ránṣẹ́ sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò lè mú irin kékeré inú aago mọ́. Ó ní ikán ti jẹ àpótí tí òun kó àwọn orin sí, gbogbo ìwé inú rẹ̀ ti di iyẹ̀pẹ̀. "Èmi àti ìyá ẹ, a ti ń palẹ̀ mọ́," ó ní. "Jẹ́ ká kó orin rẹ̀ sínú ìwé kan. Orí ẹ nìkan ni ikán ò tíì dé."

A pàdé nínú yàrá màmá mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìrọ̀rí mẹ́ta tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ni a fi gbé e jókòó. Mo ń kọrin, ọ̀gá akọrin ń kọ dò-rè-mí, màmá mi ń mi orí. Mo kọ ti Hágárì, mo kọ ti opó tó ní òróró díẹ̀, mo kọ ti ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ ti adágún tí kò rí ẹni gbé e sínú omi. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Ọ̀gá akọrin dé ìdérí báírò rẹ̀.

"Ó tán?"

"Ó tán, bàbá."

"Ó ku ọ̀kan," ni màmá mi wí.

Mo wo ilẹ̀. Ọ̀gá akọrin wò mí, ó wo màmá mi.

"Màámi," mo ní, "ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ ni." Ó wúkọ́, ó dúró kí èémí padà. "Ọjọ́ kejì tí o ní o ti gbàgbé, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. O ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. O kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, o sì ń sunkún."

Mi ò rántí abọ́ kankan. Inú kọ́kọ́ bí mi, bẹ́ẹ̀ ni, ó bí mi, pé ó mọ̀ tó fi mí sílẹ̀ sínú rẹ̀ títí. "Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí? Ẹ bá nà mí!"

"Kí n nà ọ́ nítorí kí ni? Mo rò pé mo ti wẹ ojú tèmi. Mo wá gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé, mo rí i pé ìwọ ṣì wà nílẹ̀. Ṣé kí n wá máa kọrin ìdìde lé ọ lórí ni?" Ó tún wúkọ́. "Mo ní n ó dúró dè ọ́."

"Fún ọdún mẹ́tàlá, Màámi?"

"Ìwọ lo pẹ́."

Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè. Gbogbo àwo oúnjẹ tí wọ́n gbé padà, gbogbo aṣọ dúdú yẹn, mo ti pè é ní ọ̀fọ̀ àbúrò mi. Èmi ló dúró dè.

"Kọ ọ́ ná," ó ní. "Èmi ti gbàgbé rẹ̀ o. Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ ní tòótọ́. Orúkọ Dáfídì nìkan ló kù lórí mi."

Ẹ̀rù bà mí nígbà náà. Bí èmi náà bá ti kú ní Ayigya, orin náà ti lọ nìyẹn. Mo jókòó sí ẹ̀bá ibùsùn, mo bẹ̀rẹ̀. Ohùn mi kò dára, n kò ní ohùn màmá mi rí. Mo kọ ọ́ dé "Olúwa," mo dúró, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni orin náà ṣe wà.

"Olúwa," ni màmá mi dá padà.

Ohùn rẹ̀ ti já, ó kéré. Mo kọ ọ́ dé "nílẹ̀." Ó ní, "Nílẹ̀." Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ ọ́ tán, ìlà kọ̀ọ̀kan, èmi ń mú un wá, òun ń gba ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́ta ṣe máa ń gbà á. Ọ̀gá akọrin kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún un kọ. Mo tún un kọ. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tó kọ ọ́ sílẹ̀ tán, màmá mi ní, "Bu omi wá."

Mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Mo bu omi sínú kọ́ọ̀bù wá, ó mi orí, ó ní nínú abọ́. Mo gbé abọ́ wá, mo gbé e lé e lórí itan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bu omi náà, ó wẹ ojú rẹ̀, láìkánjú, títí dé ẹ̀yìn etí. Lẹ́yìn náà ló ti abọ́ sí ọ̀dọ̀ mi, ó ń wò mí. Mo wẹ ojú tèmi nínú omi kan náà.

"Kí lo gbé wá láti Ayigya?" ó bi mí.

Kẹ́ńkẹ́ àgbàdo àti ẹja díndín ni. Mo tú ewé kẹ́ńkẹ́ kan, mo bù ú fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó ní kí n tú èkejì.